Ọdún Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Ń Ṣọ́ Èéfín ní Douala

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí àwa àgbà kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀, kí àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn lè rí i kà. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan láàárín wọn, tí Faransé yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, bi mí pé, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa gbọ́ òórùn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Kì í ṣe èmi ni mo ń gbọ́ òórùn, ọmọ mi. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn imú tó ń gbọ́ ọ."

Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Gbádébọ̀ lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ iná mànàmáná. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo dé Douala lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, Àǹtí Wúràọlá, tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Congo. Èrò Àǹtí ni pé kí n dúró ti òun nídìí aṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í sinmi bó bá ti rí wáyà. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà Àǹtí ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó di ọ̀gá mi. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí wọ́n ń fún mi lóṣù kò tó ohun tí à ń fi tádàwá ṣòfò lé lórí. Ọ̀gá náà ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Papa Silas ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ onílùú Douala gan-an ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló sì máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ eruku. Yàrá méjì tó fi ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn Marché Dakar. Pidgin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àfi tó bá kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni Faransé máa ń wọlé. Kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ sí i, títí ìwọ tí wọ́n ń bá wí yóò fi máa na ọrùn kí o lè gbọ́ èébú tí wọ́n ń bú ọ.

Lọ́jọ́ kìíní, ó fi àpótí irin kan hàn mí lára ògiri, tó tó àpótí tí wọ́n ń kó bàtà sí ní ìlọ́po méjì. Ó ní kí n jókòó síwájú rẹ̀.

"Kí lo rí?"

"Mo rí iná aláwọ̀ ewé kan tó ń tàn, sà. Èyí tó pupa kò tàn. Èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè kò tàn."

"Kí lo gbọ́?"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó mi orí. "Iṣẹ́ wa nìyẹn. Kí ènìyàn má gbọ́ nǹkan kan, kó sì dá a lójú pé àìsí ewu ló fà á, kì í ṣe pé agogo ti kú."

Sàntíráàlì là ń pe àpótí náà, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí Papa Silas ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Sàntíráàlì kì í paná. Òun ni olórí ilé tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó ń béèrè àlàáfíà gbogbo yàrá. Wáyà ti inú rẹ̀ lọ sí àjà ilé kọ̀ọ̀kan, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà: ìlà kìíní fún ìsàlẹ̀, ìlà kejì fún àjà tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn ìlà yìí la ń so àwọn ohun roboto kéékèèké mọ́ òkè àjà, tí àwa ń pè ní imú. Nínú imú kọ̀ọ̀kan ni ihò dúdú kan wà tí iná tíńtín ń tàn gba inú rẹ̀ kọjá, ojú kékeré kan sì wà ní kọ̀rọ̀ tí iná náà kò kàn. Bí èéfín bá wọlé, yóò tú iná náà ká, yóò sì kọ lu ojú yẹn. Ní ìṣẹ́jú àáyá, imú á ké sí àpótí, àpótí á tan iná pupa, agogo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri ilé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù wà ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Èròjà kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ wà níbẹ̀. Nítorí tirẹ̀, iná díẹ̀ á máa rìn lọ rìn bọ̀ lórí wáyà lọ́sàn-án lóru. Bí àpótí bá ti rí i pé iná díẹ̀ yẹn ń padà bọ̀, ó mọ̀ pé wáyà kò já. Bí eku bá gé e jẹ, tàbí tí ẹnìkan yọ imú kan kúrò, iná díẹ̀ náà kò ní padà, iná aláwọ̀ ìyeyè á sì tàn láti sọ pé àìsàn ti wọ ilé. Bátìrì méjì sì wà nísàlẹ̀ àpótí, nítorí ẹ̀yin náà mọ bí iná Douala ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Papa Silas kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan sikúdiráfà. Mo ń gbálẹ̀, mo ń ka iná, mo ń ya àwòrán wáyà ilé sórí ìwé. Bí mo bá sọ pé, "Mo rò pé ìlà kejì ló já," á fi sùúrù gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló ní kí o rò? Gbé mítà."

Nígbà kan, mo ti so imú mọ́kànlá sí òkè àjà ilé ìtajà kan, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo ń nu òógùn. Ó gòkè, ó fi ìka méjì fa wáyà kan péré. Wáyà náà mì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n tú mọ́kọ̀ọ̀kànlá kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wọ ilé ìyàgbẹ́ ilé ìtajà náà, mo sì sunkún bí ọmọ kékeré. Nígbà tí mo jáde, mo bá a lórí àkàbà, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, tó ti tú mẹ́rin fún mi.

"Ọwọ́ rẹ mọṣẹ́," ni ó sọ láì wo ojú mi. "Ọkàn rẹ ló ń kánjú."

Àǹtí Wúràọlá kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Bí mo bá dé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án láti jẹun, á bojú wo eruku orí mi, á ní, "Gbádébọ̀, ẹni tó ta aṣọ, wọ́n á rí aṣọ lọ́rùn ènìyàn. Agogo tí kì í dún lò ń tà yìí, ta ni yóò mọ̀ pé o ṣiṣẹ́?" Mo máa ń jẹun tán, n ó sì padà síbi iṣẹ́.

Irinṣẹ́ wa kò pọ̀. Mítà kan, púláyà méjì, àkàbà onígi kan tó wúwo bí òkú erin, àti kọ́ìlì ẹ̀fọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kọ́ìlì ẹ̀fọn la fi ń dán imú wò: a ó tanná sí i, a ó fi igi gígùn gbé e sókè sábẹ́ imú, a ó sì dúró gbọ́ agogo. Ọ̀tá wa tó tóbi jù kì í ṣe iná, ọ̀rinrin ìlú yìí àti èèrà ni. Èèrà Douala fẹ́ràn inú imú bí ọmọ ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn á kó wọbẹ̀ láti sá fún omi, agogo á sì máa dún láìnídìí.

Òfin kan wà tí Papa Silas fi ṣe bíbélì. Ìwé kan wà tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbogbo sàntíráàlì tí à ń tọ́jú. Ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ bá ṣe nínú àpótí náà, bó ti wù kó kéré tó, kí o tó kúrò níbẹ̀, kọ ọ́. Ó ní ọpọlọ ènìyàn máa ń lọ sun, ìwé kì í sùn.

Ọdún keje mi lọ́dọ̀ rẹ̀ ló bọ́ sí àárín ọ̀ràn Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà lé lórí. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní Douala nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí Bakassi wà lára wa tẹ́lẹ̀. Àfi bí rédíò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ń yìnbọn níbẹ̀, tí aládùúgbò tó máa ń kí ọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ní ìjọ, bàbá alàgbà ní ká má sọ Yorùbá sókè nínú takisí. Àǹtí fi ẹ̀dà ìwé ìgbélùú rẹ̀, carte de séjour, sínú ọ̀já àyà. Tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo àkókò rẹ̀ tán, mo sì ti gbé e lọ fún ìsọdọ̀tun. Rìsíìtì tí wọ́n fún mi wà nínú dúróà Papa Silas, nítorí òun ló bá mi lọ.

Ilé alájà mẹ́ta kan wà lẹ́yìn Marché Congo tí a ń tọ́jú sàntíráàlì rẹ̀. Ilé ìkẹ́rù aṣọ ló wà nísàlẹ̀, àwọn télọ̀ wà lókè rẹ̀, àjà tó ga jù lọ sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aṣọ rírán ti opó kan tí a ń pè ní Maman Odile. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń fún mi ní búrẹ́dì àti tíì nígbàkígbà tí mo bá wá. Yàrá ìlọṣọ rẹ̀ ló ń da agogo láàmú. Bí èémí omi gbígbóná bá ti ti ara áyọ́ọ̀nù gòkè, imú yóò rò pé èéfín ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo bá òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹ.

"Debo, mo bẹ̀ ọ́," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ti sá sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe ìdánwò wọn. Bá mi pa nǹkan yìí títí wọn yóò fi ṣe tán."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Oríṣi imú mìíràn wà tí kì í wo èéfín, ooru gidi nìkan ló ń mọ̀. Ìyẹn ló yẹ yàrá ìlọṣọ. Kò sí ọ̀kankan nílẹ̀, mo ní láti lọ wá a. Mo wo ojú obìnrin náà, mo wo àwọn ọmọ tí òógùn bò. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àpótí, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì pa ìlà kẹta. Iná aláwọ̀ ìyeyè tàn. Mo fa ìwé mọ́ra láti kọ ọ́. Bírò tí wọ́n so mọ́ ọn ti gbẹ. Mo fi í ha ìwé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò kọ. Mo ní, kò burú, ọ̀la ni mò ń gbé imú tuntun bọ̀, n ó kọ méjèèjì pọ̀.

Ọ̀la náà kò bá mi nílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn agbófinró dé sí ọjà, wọ́n ń yẹ ìwé àwọn àjèjì wò. Àǹtí fa tirẹ̀ yọ láyà. Èmi kò ní ohun tí mo fà yọ. Wọ́n kó èmi àtàwọn mélòó kan lọ sí ibì kan, wọ́n sì ní ká jókòó títí ẹnìkan yóò fi mú ìwé wa wá. Wọn ò lù wá. A kàn jókòó lórí sìmẹ́ǹtì, à ń ka ọjọ́. Lójoojúmọ́ ni mo ń rántí ìlà kẹta. Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó bá mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ó ní gbogbo wa la ní ọ̀gá.

Ọ̀gá náà ń wá mi ní tirẹ̀. Ibi mẹ́ta ni Papa Silas ti lọ kó tó mọ ibi tí mo wà. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé pẹ̀lú rìsíìtì mi lọ́wọ́, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dọ̀tí. N kò rí ìdọ̀tí lára rẹ̀ rí. Wọ́n fi mí sílẹ̀. A wọ takisí. Kò mú mi lọ sílé, ẹ̀yìn Marché Congo ló ní kí awakọ̀ já wa sí.

Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó rí i. Àjà kẹta ilé náà ti dúdú, fèrèsé rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu tí kò léyín. Papa Silas mú mi wọ ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó ṣí àpótí. Bátìrì ṣì ń gbé e. Iná aláwọ̀ ìyeyè ìlà kẹta ṣì ń tàn.

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn. "Ta ló pa á?"

"Èmi ni, sà."

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí bírò gbígbẹ tó rọ̀ mọ́ ìwé náà. Ohun tó kó ìtìjú bá mi jù ni pé ó ti lọ sí ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wò bóyá iṣẹ́ kan wà tí mo fi sílẹ̀. Ó ti ka ìwé náà. Ó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó rí iná ìyeyè, ó sì rò pé èèrà ni, nítorí òjò. Ó ní òun á rán ẹnìkan lọ́jọ́ Ajé.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni iná náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ nígbà tí ìdánwò ń lọ ní yàrá kejì. Èéfín kún àjà kẹta, imú gbóòórùn rẹ̀, ó ké, àpótí kò dá a lóhùn nítorí pé mo ti dí i létí. Ìgbà tí èéfín gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ dé ìlà kejì ni agogo tó dún. Maman Odile kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ó kà wọ́n, ọ̀kan kò sí níbẹ̀. Ó padà wọlé. Ó bá ọmọ náà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó sì gbé e jáde. Àwọn méjèèjì yè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tí Maman Odile fi ti aṣọ tó ń jó kúrò lọ́nà jóná. Ọwọ́ tó fi ń di abẹ́rẹ́ mú.

Àwọn tó wá ṣe ìwádìí pé jọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a débẹ̀. Àwọn kan láàárín èrò ti ń sọ ọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló pa agogo, pé Bakassi ló ń gbẹ̀san. Papa Silas bọ́ síwájú mi.

"Ilé iṣẹ́ mi ló ń tọ́jú sàntíráàlì yìí," ni ó sọ fún wọn. "A pa ìlà kan nítorí èémí omi, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àṣìṣe wa ni. Orúkọ mi ni kí ẹ kọ."

Wọ́n bi í pé ta gan-an ló tẹ bọ́tìnì.

"Ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún mi, ọwọ́ mi ni. Ẹ kọ orúkọ mi."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kọjú sí mi. "Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Ìwọ náà ní ẹni tí o máa sọ tìrẹ fún. Maman Odile wà ní ọsibítù. Èmi kò ní bá ọ wọlé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gun òrùlé tó ga, mo ti fọwọ́ kan wáyà tí iná wà lára rẹ̀. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ilẹ̀kùn yàrá yẹn. Obìnrin náà sùn gbalaja, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgùnpá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ pátá, bọ́tìnì, bírò tó gbẹ, gbogbo rẹ̀. N kò mẹ́nu kan agbófinró, kó má baà dà bí àwáwí.

Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Èmi ni mo bẹ̀ ọ́. Ọwọ́ méjì ló tẹ bọ́tìnì yẹn." Ó wo ojú mi dáadáa. "Wọ́n ní wọ́n kó yín lọ́jà. Ṣé wọ́n lù ọ́?"

"Rárá, Mama."

"Ṣé o jẹun?"

Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Ẹni tí mo fi iná jó ló ń bi mí bóyá mo jẹun. Àwọn àgbà wa ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Lọ́jọ́ yẹn mo rí ìwà obìnrin náà, mo sì rí tèmi.

Ọdún kan gbáko ni Papa Silas kò fi jẹ́ kí n ṣí sàntíráàlì. Ó dá mi padà sídìí ìgbálẹ̀ àti àwòrán wáyà, bíi pé ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. N kò jiyàn. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, mo ń lọ sílé Maman Odile láti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún fún un. Mo pọn omi, mo gé ẹ̀fọ́, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì lo ṣọ́ọ̀kì, ó ń fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tí ọwọ́ kò lè fi hàn wọ́n mọ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà tún ṣí, èmi ni mo so imú ooru sí yàrá ìlọṣọ, Papa Silas sì dúró nísàlẹ̀ àkàbà, ó dì í mú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi nìyẹn lẹ́yìn ọdún kan. Bí agogo tí mo fi dán an wò ṣe dún, Maman Odile pàtẹ́wọ́, ọwọ́ òsì lórí ọwọ́ ọ̀tún tó jóná, ó ní, "Ó dùn létí!"

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn iná náà ni ìyàwó Papa Silas sọ ohun kan fún mi, níbi tí a ti ń bó kókò. Ó ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní àdúgbò Bonanjo, tí Papa Silas ti ń tọ́jú sàntíráàlì rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ti ránṣẹ́ pè é ní ọ̀sẹ̀ iná yẹn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ọmọ Nàìjíríà nídìí agogo àwọn, pé tó bá lé mi, iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó dìde, ó kó kọ́kọ́rọ́ wọn sórí tábìlì, ó jáde. Ọdún mẹ́ta, kò sọ ọ́ fún mi. Ṣé ẹ rántí pé ó ń bá mi wí nítorí wáyà tó mì?

Àkókò lọ, irinṣẹ́ yí padà. Wọ́n fa Bakassi lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀, a tún ń sọ Yorùbá nínú takisí. Àkàbà onígi di ti alumíníọ̀mù. Kọ́ìlì ẹ̀fọn di agolo tí wọ́n ń fín, tí èéfín rẹ̀ kì í fi àmì sílẹ̀. Agogo di fèrè tó ń ké kíkankíkan. Lẹ́yìn náà ni sàntíráàlì olójú dé. Ti àtijọ́ kò mọ̀ ju pé ìlà kẹta ń ké. Ti ìsinsìnyí mọ orúkọ imú kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ ọ́ sójú rẹ̀: àjà kẹta, yàrá ìlọṣọ. Bí a bá pa ìlà kan, yóò fúnra rẹ̀ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí a pa á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìyẹn, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣètò wọn ní ọdún tí irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ọmọ mi obìnrin ló kọ́ mi. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ máa bi mí bóyá ẹ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa yin òun lójoojúmọ́, kó lọ ta aṣọ, Àǹtí Wúràọlá kò parọ́. Ẹni tó bá lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, kó ṣe é dáadáa, kó sì sọ òótọ́ nígbà tó bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó wá bá mi. Mo ṣì ní mítà kan tí mo lè fún un.

Iṣẹ́ tí mo ṣe gbẹ̀yìn kò sí ní ilé iṣẹ́ ńlá kankan ní Bonanjo, inú ilé ni. Papa Silas ti dàgbà, ó ń gbé nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Fèrè àti agogo ọdún gbọọrọ ti gba etí rẹ̀, kò gbọ́ràn mọ́ rárá. Ọmọ rẹ̀ a máa fi í sílẹ̀ nílé lọ ibi iṣẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á nítorí sítóòfù. Mo gbé sàntíráàlì kékeré kan lọ síbẹ̀. Mo so imú sí yàrá mẹ́rin, mo fi iná ńlá tó ń kọ mànà sí ara ògiri ní ọ̀kánkán ibùsùn rẹ̀, mo sì fi ohun kan tó ń gbọ̀n rìrì sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ó jókòó lórí àga, ó ń wò mí látàárọ̀, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé mo ti ṣe tán, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí imú ilé ìdáná. Ó ní èéfín epo dídín ni yóò máa pè é lásán níbẹ̀, kí n gbé imú ooru síbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí, mo sì tún gun àkàbà. Òótọ́ ló sọ.

Mo wá tẹ bọ́tìnì ìdánwò. Iná ńlá kọ mànà, ìrọ̀rí gbọ̀n. Ojú Papa Silas là. N kò sọ fún un pé kó ṣe ohunkóhun, ìdánwò lásán ni. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó fi ọ̀pá wá ilẹ̀kùn, ó rọra rìn jáde, kò mú nǹkan kan dání, kò bojú wẹ̀yìn. Ó lọ dúró sábẹ́ igi píà níwájú ilé, níbi tí oòrùn dé, ó sì kọjú sí wa.

Ó ké pè mí bí àwọn adití ṣe máa ń ké, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. "Ta ló kù nínú ilé?"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fọwọ́ kan àyà mi kó lè rí i.

Ó na ọwọ́ sí mi. "Kí lò ń dúró ṣe níbẹ̀? Jáde wá."

Mo jáde.